Ẹja Àrọ̀ Yíyan Láti Ògbómọ̀ṣọ́ Dé Òkè Òkun: Bẹ́ ẹ Ṣe Máa Gbé E Gbà

Erékùṣù kan wà tó ń jẹ́ Iceland, gbogbo èèyàn ibẹ̀ ò tó 400,000, òkun ló yí wọn ká, síbẹ̀ orí pánla gbígbẹ tẹ́ ẹ máa ń rí nínú àpò níwájú àwọn ìyá alátẹ, ibẹ̀ àti Norway ló ti ń wá. Àwọn ará Iceland fúnra wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ orí yẹn, ooru tó ń jáde láti inú ilẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ni wọ́n fi ń gbẹ ẹ́, wọ́n á wá dì í ránṣẹ́ sí Nàìjíríà torí wọ́n mọ̀ pé àwa la máa fi se ọbẹ̀.

Mo fi èyí ṣáájú torí ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù lórí WhatsApp ni "ẹ̀gbọ́n, báwo lèèyàn ṣe ń kó ẹja lọ síta láti Ògbómọ̀ṣọ́ níbí?", ẹni tó ń béèrè á ti ra ẹ̀rọ ìyan-ẹja, á ti tẹ náílọ̀n tó ní àsíá Amẹ́ríkà lára, á ti fi orúkọ bísínẹ́ẹ̀sì sílẹ̀, kò wá tíì bi ẹnikẹ́ni bóyá Amẹ́ríkà ń gba ẹja àrọ̀ láti Nàìjíríà. Wọn ò gbà á o. Torí náà láti ẹ̀yìn ni màá ti bẹ̀rẹ̀, láti ọ̀dọ̀ ẹni tó máa jẹ ẹja náà, ká tó wá padà sídìí pọ́ńdì. Àwọn tó bá ń rò pé ìlú tí kò ní òkun kò lè ta ẹja sókè òkun, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rò ó, àrọ̀ inú pọ́ńdì ò béèrè òkun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

ÌGBÉSẸ̀ 1: Ẹ mọ ibi tí ẹja yín lè wọ̀ kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀

Amẹ́ríkà la máa kọ́kọ́ mú kúrò nílẹ̀. Lóṣù December 2015 ni wọ́n gbé òfin kan jáde tó mú ẹja àrọ̀ àti gbogbo mọ̀lẹ́bí rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Siluriformes kúrò lábẹ́ FDA, àjọ wọn tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, wọ́n gbé e fún FSIS, ìyẹn ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ àgbẹ̀ wọn tó ń yẹ ẹran wò, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóṣù March 2016. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé ojú tí wọ́n fi ń wo ẹran màlúù ni wọ́n fi ń wo àrọ̀ báyìí, orílẹ̀-èdè tó bá fẹ́ kó o wọlé, ìjọba ibẹ̀ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ètò ìyẹ̀wò tòun bá ti Amẹ́ríkà dọ́gba. Vietnam, China àti Thailand ló wà lórí àkójọ yẹn, Nàìjíríà ò sí níbẹ̀. Kò sí nọ́ńbà NAFDAC, kò sí sátífíkéètì tẹ́ ẹ lè gbà fúnra yín tó máa yí ìyẹn padà, ọ̀rọ̀ ìjọba sí ìjọba ni. Àwọn tó ń kì í bọ àárín páálí gàrí tí wọ́n wá ń kọ nǹkan mìíràn sára ẹ̀, FSIS máa ń rí ọjà bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì ní kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó ń tà á kó o kúrò lórí àtẹ, ẹni tó rà á lọ́wọ́ yín ló máa forí fá a, kò sì ní pe nọ́ńbà yín mọ́.

Ẹpìyà ń kọ́? Ẹpìyà kì í ṣe mọ̀lẹ́bí àrọ̀, FDA ló ṣì ń mójú tó o, ó ṣeé kó wọ Amẹ́ríkà tẹ́ ẹ bá tẹ̀ lé òfin wọn lórí ewu nínú ẹja, ìyẹn HACCP, tó ti wà láti December 1997, tẹ́ ẹ sì fi ilé iṣẹ́ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ FDA. Ìforúkọsílẹ̀ yẹn ọ̀fẹ́ ni o, ẹ gbọ́ mi dáadáa, FDA kì í gba owó lórí ẹ̀, ẹ kàn gbọ́dọ̀ ní aṣojú kan tó ń gbé Amẹ́ríkà, kẹ́ ẹ sì máa tún un ṣe láàárín October sí December ọdún tí nọ́ńbà rẹ̀ bá pín sí méjì. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ san owó gọbọi "fún FDA", àpò ara ẹ̀ ló ń sanwó sí. Wọn ò sì ń gba ẹja gbígbẹ tàbí yíyan tí wọn ò yọ ìfun ẹ̀, àfi àwọn wẹ́wẹ́ tí ò gùn tó ínǹṣì 5.

EU le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní àkójọ orílẹ̀-èdè, wọ́n tún ní àkójọ ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú orílẹ̀-èdè yẹn, ilé iṣẹ́ tí ò ní nọ́ńbà níbẹ̀ kò lè kó nǹkan kan wọlé. Ẹja inú omi ńlá àti ẹja tí èèyàn sìn tún yàtọ̀ síra wọn lójú wọn, ẹja tí èèyàn sìn gbọ́dọ̀ wá láti orílẹ̀-èdè tí ètò ìyẹ̀wò oògùn rẹ̀ ti gba àṣẹ lọ́dọ̀ wọn. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń tajà síbẹ̀ ní tòótọ́, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń fi ọkọ̀ kó edé lójú òkun ni ọ̀pọ̀ wọn. UK ti kúrò nínú EU àmọ́ òfin tó jọra ni wọ́n ń lò lórí ẹja. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé àǹtí òun gbé ẹja kíká lọ sí London nínú àpótí ẹrù, wọn ò sì gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Òótọ́ ni, òfin gbà kí arìnrìn-àjò mú ẹja tó 20 kílò dání fún jíjẹ ara ẹ̀. Jíjẹ ni o, ẹ ò gbọ́dọ̀ tà á, kò sì sí ẹni tó ń fi àpótí ẹrù àǹtí dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀.

Ibo ló wá kù? Canada ni mo máa ń sọ fún àwọn tó bá fẹ́ ọjà olóyìnbó. Láti January 2019 ni òfin wọn tuntun lórí oúnjẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ń ra oúnjẹ wọ Canada gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì lọ́dọ̀ CFIA, àjọ wọn tó ń yẹ oúnjẹ wò, òun ló sì máa dúró fún ọjà náà níwájú ìjọba wọn. Ìyẹn dáa fún yín, torí ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa béèrè lọ́wọ́ kọ́sítọ́mà ni nọ́ńbà láísẹ́ǹsì ẹ̀. Tó bá ń ṣe "ẹ má worí, ẹ ṣáà fi ránṣẹ́", ẹ má fi ránṣẹ́. Tó bá ní in, òun fúnra ẹ̀ ló máa sọ àwọn ìdánwò tó fẹ́ fún yín.

Lẹ́yìn Canada ni àwọn aládùúgbò wa, Kòtònù, Lomé, Accra. Ètò ETLS ti ECOWAS wà tó ń jẹ́ kí ọjà àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kọjá láìsan owó orí ibodè, ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe iṣẹ́ lé lórí ń kọjá lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tí wọ́n bá ti sọ di ọjà ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ tiẹ̀ kọ́kọ́. Àwọn èèyàn máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú àwọn ọjà yìí torí owó ibẹ̀ ò jọ dọ́là, àmọ́ àwọn tó ń jẹ àrọ̀ yíyan gan-an ló wà níbẹ̀, ọkọ̀ ilẹ̀ sì ń dé ibẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá bi mí, ẹ kọ́kọ́ ta á ní Èkó fúngbà díẹ̀, sí àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì tó ń béèrè nọ́ńbà NAFDAC, tó ń dá ẹja tó bá ṣẹ́ padà. Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ̀ bóyá ẹja yín ń dọ́gba lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

ÌGBÉSẸ̀ 2: Ìdí pọ́ńdì

Èyí ò ní gùn. Ẹ ra ìwé ńlá kan. Pọ́ńdì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tiẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ da ọmọ ẹja sí i, ibi tẹ́ ẹ ti rà wọ́n, oúnjẹ tẹ́ ẹ fún wọn, oògùn tẹ́ ẹ lò tó bá wà, ọjọ́ tẹ́ ẹ kó wọn. Ọ̀rọ̀ oògùn yẹn ló ṣe pàtàkì jù, torí àwọn kan níbí tí ẹja bá ṣe bí ẹni tó rẹ̀ wọ́n á kàn tú kápúsù sómi. Chloramphenicol àti nitrofuran, èèwọ̀ pátápátá ni fún ẹran àti ẹja jíjẹ ní EU àti Amẹ́ríkà, láàbù wọn ń rí i bó ti wù kó kéré tó. Àwọn oògùn tó kù, bíi tetracycline, ní iye ọjọ́ tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi dúró lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá lò ó kẹ́ ẹ tó kó ẹja, ẹ ka ara páálí ẹ̀, kẹ́ ẹ sì bi dókítà ẹran kẹ́ ẹ má bi ẹni tó ń ta oúnjẹ ẹja.

Ẹ má fún ẹja lóúnjẹ fún odindi ọjọ́ kan kẹ́ ẹ tó kó o, kí ikùn ẹ̀ mọ́. Tó bá jẹ́ pọ́ńdì alámọ̀, ẹ kó wọn sínú omi tó mọ́ fún ọjọ́ kan sí méjì, òórùn ẹrẹ̀ yẹn máa dín kù. Àwa lè máa jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń ra àpò kékeré kan ní Toronto ò ní jẹ ẹ́.

ÌGBÉSẸ̀ 3: Yíyan, ibi tí gbogbo iṣẹ́ wà

Ẹ yọ ìfun àti gíìlì, ẹ fọ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yìn egungun yẹn kúrò dáadáa, torí ibẹ̀ ló ti máa ń kọ́kọ́ rà. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀, ẹ gbé e jáde kí omi ro dànù lórí wáyà, ẹja tó bá ṣì ń kán omi tẹ́ ẹ wá gbé sórí iná, ńṣe ló máa hó, awọ ẹ̀ á là.

Ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ èéfín. Àrọ̀ lọ́ràá. Tí ọ̀rá yẹn bá ń kán sórí iná tó ń jó, èéfín tó máa jáde níbẹ̀ ní àwọn èròjà kan tí wọ́n ń pè ní PAH, àwọn kan nínú wọn sì ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Láti September 2014 ni EU ti sọ pé ẹja yíyan kò gbọ́dọ̀ ní ju máíkírógíráàmù 2 benzo(a)pyrene (ọ̀kan nínú àwọn PAH) lọ nínú kílò kan, àpapọ̀ mẹ́rin nínú àwọn èròjà yẹn kò sì gbọ́dọ̀ ju 12 lọ. Ẹja tí wọ́n yan lórí àgbá tí wọ́n là sí méjì, tí igi ń jó fòò lábẹ́ ẹ̀, tí ọ̀rá ń ro sínú iná, ó dúdú, ó ń dán, àwọn ìyá wa fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó ṣòro kó kọjá ìdánwò yẹn. Kódà tí ibi tẹ́ ẹ ń tà á sí kò bá béèrè nọ́ńbà yìí lónìí, ẹ ṣe é bí ẹni tí wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ ẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá fi àgbá kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ yín, ọ̀tọ̀ ni wàhálà àtiyí wọn lọ́kàn padà.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe: èédú tó ti jó pọ́n dáadáa lẹ máa lò fún ooru, kò gbọ́dọ̀ ṣì máa rú èéfín. Láàárín èédú àti ẹja, ẹ gbé páànù kan tó dà sí ẹ̀gbẹ́ kan síbẹ̀, tí ọ̀rá bá kán, orí páànù ló máa bọ́ sí, á ṣàn jáde. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ àwọ̀ àti òórùn èéfín, ẹ fi ìgbà díẹ̀ ní ìparí fún un ní èéfín igi líle, ẹ má fi gbogbo ọjọ́ wẹ ẹ́ nínú ẹ̀. Ààrò kan tí FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé, àti àwọn ará Thiaroye ní Senegal jọ ṣe, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn gan-an, ó ní ibi tí ọ̀rá ń dà sí, èéfín ẹ̀ sì ń ti ọ̀tọ̀ wá. Àwa náà ò jìnnà sí olùkọ́, NSPRI tó ń ṣèwádìí lórí bí irè oko àti oúnjẹ ṣe lè pẹ́ nílẹ̀, Ìlọrin ni olú ilé iṣẹ́ wọn wà, wọ́n sì ní kíìnì, ìyẹn ààrò ìyan-ẹja, tiwọn tí wọ́n ṣe. Ẹ wọkọ̀ lọ wò ó kẹ́ ẹ tó fún wẹ́dà kankan lówó, torí ọ̀pọ̀ wẹ́dà á kàn fi páànù ṣe kọ́bọ́ọ̀dù fún yín ni, á pè é ní kíìnì.

Igi náà ní ẹjọ́. Àyín dáa, èédú ẹ̀ ń pẹ́, àwọn ará Òkè-Ògùn ń kó o wá. Igi tó bá ní oje, igi tí wọ́n kùn ní ọ̀dà, pákó àlòkù láti ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbé e jìnnà. Ẹ má fi náílọ̀n ràn án, ẹ má fi kẹrosíìnì ràn án, mo mọ̀ pé àárọ̀ ìgbà òjò le, iná kì í tètè ràn, ẹ fi èèpo igi gbígbẹ ràn án.

Ooru: ẹ bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ara ẹja kọ́kọ́ gbẹ níta, ẹ wá gbé ooru sókè kó jinná dénú, ẹ tún dín in kù kó máa gbẹ lọ. Tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ooru ńlá, ìta á le, inú á ṣì tutù, ẹja yẹn á dáa lójú lónìí, á bu lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ máa yí wáyà padà, èyí tó wà lókè á wá sísàlẹ̀. Ẹ ra tẹmómítà tó ní abẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ lè fi gún àárín ẹja tó tóbi jù, kò wọ́n, àmọ́ ènìyàn mélòó ló ní in?

ÌGBÉSẸ̀ 4: Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ó ti gbẹ?

"Mo fọwọ́ kàn án, ó le" kì í ṣe ìdáhùn. Ìwọ̀n tí Codex, àjọ tó ń ṣe òfin oúnjẹ fún gbogbo ayé, fi lélẹ̀ lọ́dún 2013 fún ẹja tí wọ́n fi èéfín gbẹ ni pé omi inú ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 10 nínú 100 lọ. Ẹ lè wò ó fúnra yín tẹ́ ẹ bá rí síkéèlì tó ń ka gíráàmù àti ààrò láàbù: ẹ lọ ẹja, ẹ wọn 100 gíráàmù, ẹ gbé e sínú ààrò ní 105 dígírì, ẹ máa wọ̀n ọ́n títí tí kò fi fúyẹ́ mọ́. Tó bá ku 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti gbẹ. Tó bá ku 82, ẹ dá a padà sórí wáyà. Láàbù àwọn onímọ̀ oúnjẹ ní LAUTECH lè ṣe èyí fún yín, ìdánwò PAH àti ti oògùn ló máa gbé yín dé láàbù tó ní ìwé ẹ̀rí ISO 17025 (tó ń fi hàn pé èsì láàbù náà ṣeé gbára lé), kí kọ́sítọ́mà sì sọ èyí tó máa gbà kẹ́ ẹ tó sanwó.

Èyí náà ló ń pa owó yín lára o: kílò 3 sí 4 ẹja tútù ló ń di kílò kan ẹja gbígbẹ. Ẹni tó ń ta á lọ́jà Jagun lè fi omi díẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹ̀ kó lè wúwo, ẹ̀yin ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí náà iye tẹ́ ẹ máa pè é kò lè bá tiẹ̀ dọ́gba, ẹ má sì jẹ́ kí kọ́sítọ́mà fi iye tọjà wé e fún yín.

Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kẹ́ ẹ tó dì í. Lásìkò ọyẹ́, Ògbómọ̀ṣọ́ ń bá yín ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, afẹ́fẹ́ gbẹ táútáú. Nígbà òjò, ẹja tó ti gbẹ á tún máa fa omi padà láti inú afẹ́fẹ́ láàárín òru kan, ẹ kó o sínú ike tó ní ìdérí tó há.

Kòkòrò wá. Eṣinṣin máa ń yé sí i kó tó gbẹ, àwọn kòkòrò dúdú kan sì ń jẹ ẹ́ lẹ́yìn tó bá gbẹ tán. Nẹ́ẹ̀tì sí ojú wíńdò, àwọn wáyà tó mọ́, kí ẹja má sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó bá sì ti ní kòkòrò díẹ̀, ẹ gbé e sínú fíríìsà tó tutù dé -18 dígírì fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ má fi ọta-píápíá sún mọ́ ọn, ẹ má fi fọ́n yàrá ibi tó wà. Dichlorvos tó wà nínú ọ̀pọ̀ nǹkan wọ̀nyẹn ló mú kí EU ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà Nàìjíríà lọ́dún 2015, gbogbo ẹ̀wà o, ti ẹni tó fọ́n ọn àti ti ẹni tí kò fọ́n ọn. NAFDAC náà wá fòfin de ìgò kékeré ẹ̀ lọ́dún 2019.

ÌGBÉSẸ̀ 5: Dídì, àti ohun tí ọkọ̀ òfuurufú ń wọ̀n

Ẹja kíká lẹ́wà, a fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ ó ń jẹ àyè. Iye tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín fún ẹrù òfuurufú, wọ́n máa wo ìwúwo, wọ́n tún máa wo fífẹ̀, èyí tó bá pọ̀ jù ni wọ́n máa mú. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé gígùn, ìbú àti gíga ní sẹ̀ǹtímítà, ẹ sọ wọ́n di púpọ̀ síra wọn, ẹ wá fi 6000 pín in. Páálí tó jẹ́ 60 lọ́nà 40 lọ́nà 40 yóò di 96,000, tẹ́ ẹ bá fi 6000 pín in, ó di kílò 16. Tó bá jẹ́ kílò 8 ẹja kíká ló wà nínú ẹ̀ torí ihò àárín ẹja, owó kílò 16 lẹ máa san. Ẹ là á sí méjì kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, tàbí kẹ́ ẹ gé e sí wẹ́wẹ́ kẹ́ ẹ tó yan án, páálí yẹn kan náà á gba púpọ̀ sí i. Àwọn kọ́sítọ́mà kan máa ṣàròyé pé àwọn fẹ́ ẹja kíká, ẹ fi ìṣirò yìí hàn wọ́n, kí wọ́n san ìyàtọ̀ ẹ̀.

Ẹ gé ẹ̀gún ẹ̀gbẹ́ orí ẹ̀ kúrò, òun ló ń lu náílọ̀n. Ní ti náílọ̀n tí wọ́n ń fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde, ó dáa fún ẹja tó gbẹ kánrinkánrin nìkan. Tí omi bá ṣì wà nínú ẹja tẹ́ ẹ wá fa afẹ́fẹ́ kúrò, kòkòrò àìfojúrí Clostridium botulinum, tí kì í fẹ́ afẹ́fẹ́, ti ríbi gbé nìyẹn, oró ẹ̀ sì ń pa èèyàn.

Lára páálí àti náílọ̀n: orúkọ ẹja lédè Gẹ̀ẹ́sì àti orúkọ sáyẹ́ǹsì ẹ̀, Clarias gariepinus, ìwọ̀n ẹ̀, ọjọ́ tẹ́ ẹ yan án, ọjọ́ tó máa parí, nọ́ńbà bátì (ìyẹn àwọn ẹja tẹ́ ẹ yan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) tó bá ìwé pọ́ńdì mu, àdírẹ́sì yín, "Product of Nigeria", àti pé ẹja wà nínú ẹ̀ fún àwọn tára wọn ń kọ̀ ọ́. Ti Canada gbọ́dọ̀ ní èdè Faransé pẹ̀lú, kí kọ́sítọ́mà yín bá yín wo èyí kẹ́ ẹ tó tẹ ẹ́ jáde.

ÌGBÉSẸ̀ 6: Ìwé

CAC, níbi tí wọ́n ti ń forúkọ bísínẹ́ẹ̀sì sílẹ̀, kọ́kọ́. Lẹ́yìn náà NEPC, àwọn ló ń fún yín ní ìwé pé ẹ jẹ́ ẹni tó ń kó ọjà ránṣẹ́ síta, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. NAFDAC fún ilé iṣẹ́ àti ọjà, wọn yóò wá wo ilẹ̀ yín, ògiri yín, ibi tẹ́ ẹ ń fọwọ́, ṣáláńgá yín bó ṣe jìnnà sí, torí náà ẹ má pe wọ́n títí ibẹ̀ fi máa rí bó ṣe yẹ. Ìwé ìlera ẹja, ẹ̀ka ẹja ìjọba àpapọ̀ ni, tí wọ́n ti gbé sábẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba Marine and Blue Economy tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2023, ẹ máa ṣọ́ra fún ẹni tó bá ṣì ń darí yín lọ sí àdírẹ́sì àtijọ́. Àwọn NAQS, tó ń yẹ irè oko àti ẹran wò, náà máa ń wà ní pápákọ̀ òfuurufú àti ibodè.

Ní báǹkì, ẹ ṣí àkáǹtì dọ́là, ẹ ní kí wọ́n bá yín ṣí fọ́ọ̀mù NXP, tí wọ́n fi ń kọ ọjà tó ń lọ síta sílẹ̀, kí ẹrù tó kúrò nílẹ̀. Owó NESS wà, tí ìjọba ń gbà lórí ìyẹ̀wò ọjà tó ń lọ síta, ìdá 0.5 nínú 100 iye FOB ọjà yín, ìyẹn iye ẹ̀ títí wọ́n fi gbé e wọ ọkọ̀. Nọ́ńbà ọjà (HS code) tẹ́ ẹ máa kọ fún àrọ̀ yíyan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0305.44. Ẹ tún máa nílò ínfóísì, àkọsílẹ̀ ohun tó wà nínú páálí kọ̀ọ̀kan, àti ìwé ẹ̀rí ibi tí ọjà ti wá tí NACCIMA, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò Nàìjíríà, ń ṣe. Kí orúkọ, ìwọ̀n àti iye páálí bára mu nínú gbogbo wọn, tí ọ̀kan bá sọ páálí 40 tí òmíràn sọ 42, ibẹ̀ ni ẹja yín máa jókòó sí ní Ìkẹjà.

ÌGBÉSẸ̀ 7: Kọ́sítọ́mà àti owó

Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹja kò ní kí ẹ̀yin kọ́kọ́ sanwó. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ san owó "fọ́ọ̀mù", owó "lọ́yà", owó "ìdánilójú" kóun tó ra 5 tọ́ọ̀nù lọ́wọ́ yín, oníjìbìtì ni, kódà kó fi fọ́tò wáyáháùsì ẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kékeré, kó san ìdajì kẹ́ ẹ tó yan ẹja, kó san ìyókù kẹ́ ẹ tó gbé e fún ọkọ̀. Lẹ́tà báǹkì (letter of credit), tí báǹkì ẹni tó ń rajà fi ń ṣèlérí owó, dáa fún ọjà ńlá, owó tí báǹkì máa gbà lórí ẹ̀ kò jẹ́ kó wúlò fún páálí 20. Sáńpù, ìyẹn ẹja díẹ̀ tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ kí wọ́n fi wò ó, náà kò bọ́ lọ́wọ́ òfin o, ibi tí àrọ̀ kò bá ti lè wọ̀, kílò kan ẹ̀ náà kò lè wọ̀.

Ẹ kọ ibi tí iṣẹ́ yín parí sí sínú àdéhùn. Tó bá jẹ́ FCA Ìkẹjà, ẹ̀yin gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa kó o, òun ló máa san owó ọkọ̀ òfuurufú. Àwọn kan á fẹ́ kẹ́ ẹ gbé e dé ẹnu ọ̀nà wọn ní Toronto níye kan náà, ẹ rántí ìṣirò páálí yẹn kẹ́ ẹ tó sọ bẹ́ẹ̀ ni. Owó náà gbọ́dọ̀ padà wọlé gba inú báǹkì tó ṣe NXP yín láàárín ọjọ́ 180, ẹ má ní kó fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n yín tó wà níbẹ̀, báǹkì á máa béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Tí ọjà bá béèrè ju ohun tí kíìnì yín lè ṣe lọ, tó sì máa béèrè, ẹ wá àwọn tó ń yan ẹja ní Arówómọlé àti agbègbè Ọ̀yọ́, ẹ jọ ṣe é. Èédú kan náà, páànù ọ̀rá kan náà, ìwé pọ́ńdì kan náà, ìwọ̀n ẹja kan náà, ẹni tí kò bá lè tẹ̀ lé e kó máa ta tiẹ̀ lọ́jà. Ẹnì kan ṣoṣo tó fọ́n ọta-píápíá nínú ẹni mẹ́wàá ti tó láti ba páálí gbogbo yín jẹ́.

Ẹ mú ẹja méjì nínú bátì kọ̀ọ̀kan tó bá lọ, ẹ dì wọ́n bẹ́ ẹ ṣe di tàwọn tó lọ, ẹ kọ nọ́ńbà sí i, ẹ tọ́jú ẹ̀ sílé iṣẹ́ títí ọjọ́ tẹ́ ẹ kọ pé ó máa parí. Tí àǹtí kan tó ra ẹja yín bá pè láti Toronto pé ìdin wà nínú ẹja, ẹ kí i dáadáa, ẹ gba nọ́ńbà bátì àti fọ́tò lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ lọ ṣí tiyín wò kẹ́ ẹ tó dá a lóhùn.